Iná Ń Tàn, Fáànù Ń Yí, Ojú Mọ́nítọ̀ Ṣókùnkùn: Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Yín Lórí Kọ̀ǹpútà

Nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé fún ẹ̀dà yìí, àìsàn kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń rò fún wa: ẹ tan kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ó ń dún nínú, àmọ́ kò sí ohun tó hàn lójú mọ́nítọ̀. A mú mẹ́fà nínú wọn. Ẹni tó bá ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, kó kọ́kọ́ ka ìdáhùn ti ẹni Tánkẹ̀, torí ibẹ̀ la ti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Àsàlámù àlékúm, ẹ̀yin olóòtú. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Tánkẹ̀, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí wọn. Iná lọ, ó sì dé padà tagbáratagbára, gílóòbù méjì jó lójú ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá tan kọ̀ǹpútà mi, iná iwájú rẹ̀ á tàn, fáànù á máa yí, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ kò gbé nǹkankan wá. Ẹnìkan ní kí n ra RAM, ẹlòmíì ní páwà páàkì ni. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà? Onítẹ̀wé, Tánkẹ̀, Ìlọrin.

Wàálékúmù sàlámù. Ẹ má tíì ra ìkankan nínú méjèèjì, ì báà jẹ́ RAM, ìyẹn ẹ̀yà ìrántí kọ̀ǹpútà, tàbí páwà páàkì, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún un. Ohun mẹ́fà sí méje ló lè mú kí ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn, bákan náà sì ni gbogbo wọn máa ń rí lójú ẹni tó dúró níta. Ọ̀nà tí kì í tan ni jẹ ni pé kí ẹ máa yọ nǹkan kúrò lára ẹ̀rọ náà títí yóò fi ku ohun tí kò lè ṣe aláìní, kí ẹ wá máa dá wọn padà níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń ra ẹ̀yà tuntun kó tó yọ ti àtijọ́ wò, owó ló fi ń méfò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìta. Ẹ yọ wáyà tó ń gbé àwòrán kúrò lẹ́yìn àpótí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí wáyà iná mọ́nítọ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ tan mọ́nítọ̀ nìkan. Ó yẹ kó kọ "No Signal" tàbí "Check Cable" fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bó bá kọ ọ́, mọ́nítọ̀ wà láàyè. Bí kò bá kọ nǹkankan, tí iná ara rẹ̀ pàápàá kò tàn, òun ni iná ọjọ́ yẹn kọlù. Ẹ yá mọ́nítọ̀ mìíràn wò kí ẹ tó fọwọ́ kan àpótí. Ẹ tún tẹ bọ́tìnnì Source tàbí Input ara mọ́nítọ̀, torí irú ihò àwòrán ju ẹyọ kan lọ: ó lè jẹ́ orí HDMI ló wà nígbà tó jẹ́ VGA lẹ fi so ó. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu wáyà VGA, kí ẹ wo abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ bóyá ọ̀kan ti tẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ kó jẹ́, lọ́nà ìlà mẹ́ta. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀kan kò sí ní ìlà àárín, ẹ má fòyà: ọ̀pọ̀ wáyà VGA ni wọn kò fi abẹ́rẹ́ kẹsàn-án sí láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Ó ku àyẹ̀wò kan níta. Ẹ tan ẹ̀rọ náà, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ wá tẹ Num Lock lórí kíbọ́ọ̀dù. Bí iná rẹ̀ bá ń tàn tó sì ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ti jí, àwòrán nìkan ni kò jáde. Wáyà, ihò tí ẹ so ó mọ́, tàbí káàdì àwòrán ló kàn. Bí Num Lock kò bá dáhùn, ẹ̀rọ náà kò jí rárá. Ẹ má fi iná abẹ́ máọ́sì ṣe ẹ̀rí, torí ìwọ̀nba iná kan máa ń dé ojú USB nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bí wọn kò bá tíì jí.

Ó wá kan inú. Ẹ yọ wáyà iná kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ bọ́tìnnì títàn mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́ kù sínú lè tán. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ máa ń gbẹ níbí débi pé aṣọ ń ta pà-pà lára ẹni. Iná kékeré yẹn lè pa RAM láìjẹ́ pé ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n lára. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí níbi tí ọ̀dà kò sí kí ẹ tó mú ẹ̀yà kankan, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Ẹ má ṣe é lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹ yọ gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà kò nílò láti fi ojú hàn: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín, ìyẹn puríńtà, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, fúláàṣì, háádì dísìkì, ẹ̀rọ CD, àti káàdì àwòrán bí mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà wà lórí rẹ̀, bá ní ihò àwòrán tirẹ̀. Ẹ yọ wáyà USB iwájú àpótí náà kúrò lórí mọ́dábọ́ọ̀dù. Ní ṣọ́ọ̀bù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti fúláàṣì bọ̀ ọ́ látàárọ̀ dalẹ́, ahọ́n irin inú ihò USB máa ń tẹ̀ kan ara wọn, ìyẹn nìkan sì tó láti dá gbogbo ẹ̀rọ dúró. Ohun tó yẹ kó kù ni páwà páàkì, mọ́dábọ́ọ̀dù, purósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú fáànù orí rẹ̀, àti RAM ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ tàn án wò. Bí ojú bá mọ́, ọ̀kan nínú ohun tí ẹ yọ ni ọ̀daràn. Ẹ dá wọn padà níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa yọ wáyà iná kí ẹ tó dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà.

Bí kò bá mọ́, ẹ yọ RAM náà. Ẹ mú kílínà tí ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́, èyí tó funfun tó sì rọ̀, kí ẹ fi nu ojú góòlù rẹ̀ níhà méjèèjì, láti òkè sí ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́. Kílínà aláwọ̀ búlúù tó ní iyanrìn nínú yóò họ ojú góòlù dànù, ẹ má lò ó. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu èérún kílínà kúrò, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó gbẹ gbá eruku inú ihò RAM. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, torí itọ́ ló máa bá a lọ. Ẹ wá tì í wọlé títí ìdè etí rẹ̀ yóò fi dún kẹ́. Ọ̀pọ̀ RAM tí wọ́n ní ó ti kú, àìwọlé dáadáa tàbí eruku ni gbogbo àìsàn rẹ̀. Bí ẹ bá ní RAM méjì, ẹ dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò ní ihò kọ̀ọ̀kan. Lórí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù oníhò mẹ́rin, ihò kejì sí purósẹ́sọ̀ ni RAM ẹyọ kan máa ń kọ́kọ́ wà, èyí tí wọ́n kọ A2 sí lára. Lára ọ̀pọ̀ HP àti Dell, DIMM1 ni kí ẹ wá.

Àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e ni àwa fẹ́ràn jù, kò sì ná ni ní kọ́bọ̀. Ẹ yọ RAM kúrò pátápátá, kí ẹ wá tan kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ tí mọ́dábọ́ọ̀dù àti purósẹ́sọ̀ rẹ̀ ṣì wà láàyè yóò ké pé òun kò rí RAM: yóò fọn, tàbí iná iwájú rẹ̀ yóò máa ṣẹ́jú ní pupa tàbí àwọ̀ ọsàn. Bó bá ké, ẹ dúpẹ́, RAM tàbí ihò RAM ló kù tí ẹ máa wá. Bí kò bá ké rárá, páwà páàkì, mọ́dábọ́ọ̀dù, purósẹ́sọ̀ tàbí BIOS, ìyẹn ètò orí mọ́dábọ́ọ̀dù tí kọ̀ǹpútà fi ń jí, ni ẹ máa tọpa. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò fúnra wọn nígboro kì í sábà ní sípíkà kékeré tó ń fọn yìí. Ẹ ra ọ̀kan kí ẹ sì so ó mọ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ SPEAKER sí kí ẹ tó sọ pé kò ké.

Nítorí pé inú wáyà iná ara ògiri ni ohun tó ṣe tiyín gbà wọlé, páwà páàkì la kọ́kọ́ fura sí. Pé fáànù ń yí kò túmọ̀ sí pé páwà páàkì dára. Fáànù kò nílò ju 12V lọ, bí ó bá sì dín díẹ̀ yóò ṣì yí. Kọ̀ǹpútà nílò 12V, 5V àti 3.3V lẹ́ẹ̀kan náà, tó dúró ṣinṣin. Ẹ mú mítà, ẹ gbé e sí DC 20V. Abẹ́rẹ́ dúdú mítà lórí wáyà dúdú, abẹ́rẹ́ pupa láti ẹ̀yìn ẹnu wáyà ńlá olórí mẹ́rìnlélógún tó wọ mọ́dábọ́ọ̀dù. Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, níwọ̀n ìgbà tí wáyà iná bá ti wà lára ògiri, wáyà elésè àlùkò gbọ́dọ̀ fún yín ní 5V. Bí kò bá sí níbẹ̀, páwà páàkì ti kú. Ẹ wá tan ẹ̀rọ: wáyà yẹ́lò gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4V sí 12.6V, pupa láàárín 4.75V sí 5.25V, aláwọ̀ ọsàn láàárín 3.14V sí 3.47V. Wáyà aláwọ̀ eérú ni ẹ má gbàgbé. Òun ni páwà páàkì fi ń sọ fún mọ́dábọ́ọ̀dù pé gbogbo iná ti pé, ó sì yẹ kó gòkè sí bí 5V láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí fáànù bá ń yí ṣùgbọ́n ti eérú dúró sí òdo, mọ́dábọ́ọ̀dù kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láéláé, ojú á sì ṣókùnkùn gẹ́gẹ́ bí tiyín.

Ẹ tún wo ẹnu wáyà kékeré olórí mẹ́rin tàbí mẹ́jọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ purósẹ́sọ̀, èyí tí wáyà yẹ́lò àti dúdú nìkan wà nínú rẹ̀. Iná purósẹ́sọ̀ nìyẹn. Bó bá yọ díẹ̀, fáànù á yí, kò sì ní sí àwòrán.

Ìkìlọ̀ méjì lórí páwà páàkì. Ẹ má tú àpótí irin rẹ̀: kapásítọ̀ inú rẹ̀ ń gba iná tó ju 300V lọ pamọ́, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri. Èkejì, bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ HP tàbí Dell tókùnbọ̀, ẹnu wáyà rẹ̀ lè yàtọ̀, àwọ̀ wáyà inú rẹ̀ náà sì lè máà bá èyí tí a kà sílẹ̀ yìí mu. Nọ́ńbà tó wà lára páwà páàkì náà gan-an ni kí ẹ fi wá òmíràn. Ẹ yá a lọ́wọ́ ẹni tó ní irú rẹ̀ dán wò ná.

Bí páwà páàkì bá yege, ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 orí mọ́dábọ́ọ̀dù, ẹ tẹ bọ́tìnnì títàn, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ dá a padà pẹ̀lú àmì ìròpọ̀ lókè. Èyí máa ń pa ètò BIOS tó ti dàrú rẹ́. Títàn àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lè pẹ́ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, ẹ má yára pa á. Bí ojú bá mọ́ ṣùgbọ́n tí Windows kọ̀ láti wọlé, ẹ wọ inú BIOS kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ SATA Operation sí: ó lè ti padà sí RAID nígbà tó jẹ́ AHCI ni wọ́n fi gbé Windows sórí rẹ̀ (ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà ń gbà bá háádì dísìkì sọ̀rọ̀ nìyẹn). Ẹ dá a padà, kò sí ohun tó ṣe fáìlì yín.

Ẹ jọ̀ọ́, fún ọjọ́ mìíràn: sítébíláísà kò yára tó láti dá irú iná bẹ́ẹ̀ dúró. Bí iná bá ti lọ, ẹ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó bá dé, ẹ jẹ́ kí gílóòbù mú u fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibùdó kọ̀ǹpútà ni a ní ní Ọ̀ffà, a ń fi orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò níbẹ̀. A ra RAM 8GB tókùnbọ̀ mẹ́rin fún HP Compaq mẹ́rin. Láti ìgbà tí a ti fi í sí i, kọ̀ǹpútà ń fọn ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, iná pupa sì ń ṣẹ́jú pẹ̀lú rẹ̀. RAM náà wọ ihò dáadáa. Alábòójútó, Ọ̀ffà.

Kọ̀ǹpútà yín ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Lórí àwọn HP Compaq ìgbà náà, ẹ ka iye ìgbà tí iná pupa ṣẹ́jú kó tó sinmi: méjì, purósẹ́sọ̀ gbóná jù, ẹ wo fáànù rẹ̀, mẹ́ta, kò rí purósẹ́sọ̀, mẹ́rin, ọ̀rọ̀ páwà páàkì ni, márùn-ún, RAM, mẹ́fà, káàdì àwòrán, méje, mọ́dábọ́ọ̀dù. Ẹ má fi kíkà yìí wo Dell tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn, torí olúkúlùkù ló ní èdè tirẹ̀. Ti Dell, ẹ ka iye ìgbà tí iná rẹ̀ ṣẹ́jú, kí ẹ fi nọ́ńbà Service Tag ẹ̀yìn àpótí wá ìwé ìtọ́ni rẹ̀.

Ní ti RAM yín, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ máa rí nǹkan bíi PC3-12800 tàbí PC3L-12800, tí lẹ́tà kan tẹ̀ lé e. Bí lẹ́tà náà bá jẹ́ U, ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni. Bó bá jẹ́ R, inú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà alágbára ti ilé iṣẹ́ ńlá, ni wọ́n ti tú u. Ó máa wọ ihò yín gbọnin-gbọnin nítorí pé géńgé, ìyẹn ibi tí wọ́n gé nísàlẹ̀ rẹ̀, kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n HP Compaq kò ní tan pẹ̀lú rẹ̀ láé, bí ẹ fi kílínà nù ún di ọ̀la. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló wà lọ́jà, ó sì máa ń pọ́ọ́kú, ìdí nìyẹn tó fi ń fa ojú mọ́ra. Kò bàjẹ́, kì í kàn ṣe tiyín ni. Ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á kó fi oní-U pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ rà á, ẹ mú RAM àtijọ́ lọ́wọ́. DDR3 ní ojú góòlù 240, DDR4 ní 288, géńgé wọn kò sí lójú kan náà, èkíní kò sì ní wọ ihò èkejì. Ẹni tó bá ń fi ipá tì í, ihò ló máa fọ́. Kí ẹ sì dán an wò níwájú olùtajà kí owó tó bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Òmù-Àrán. Mo to kọ̀ǹpútà fúnra mi pẹ̀lú purósẹ́sọ̀ i5-10400F àti káàdì àwòrán kan. Gbogbo iná inú rẹ̀ ń tàn, mo so HDMI mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kò gbé àwòrán wá.

Àbúrò wa, wo ihò tí o so HDMI mọ́. Lẹ́tà F tó gbẹ̀yìn orúkọ purósẹ́sọ̀ rẹ túmọ̀ sí pé kò ní ẹ̀rọ àwòrán nínú, nítorí náà ihò HDMI tó wà lókè, nítòsí àwọn ihò USB, kò lè gbé àwòrán kankan jáde. Fà á wá sísàlẹ̀, sára káàdì àwòrán, níbi tí ihò ti dùbúlẹ̀. Bí káàdì náà bá ní àyè wáyà iná olórí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wáyà láti inú páwà páàkì gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Bí kò bá sí i, fáànù káàdì lè yí kó má sì sí àwòrán. Nítorí pé ìwọ fúnra rẹ lo tò ó, tún rí i pé ìdúró irin abẹ́ mọ́dábọ́ọ̀dù wà níbi tí ihò súkúrúù wà nìkan. Èyí tó bá ṣẹ́ kù síbi tí kò sí ihò á kan ẹ̀yìn mọ́dábọ́ọ̀dù, á sì dá iná pọ̀.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà iléèwé wa ní Àjàṣẹ́-Ìpo kì í fẹ́ tan láàárọ̀ lásìkò ọyẹ́. A ó tàn án, a ó pa á, bí ẹ̀ẹ̀márùn-ún sí mẹ́fà, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, kó tó wá tàn. Bó bá sì ti tàn, kì í ṣe wàhálà mọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ọjọ́ àti ọdún orí rẹ̀ tún máa ń padà sẹ́yìn. Ọ̀gá iléèwé.

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Ọ̀gá. Àìsàn méjì ló wà lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa wọ́n pọ̀ fún yín.

Ti ọjọ́ tó ń padà sẹ́yìn, bátìrì CR2032 ló ti rẹ̀. Èyí tó dára máa ń lé díẹ̀ ní 3V lójú mítà. Bó bá ti wá sísàlẹ̀ 2.7V, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣe èyí ná, torí owó kékeré ni, àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí bátìrì tó kú nìkan ń dí lọ́wọ́ àtitàn.

Ti òwúrọ̀ ni kó ká yín lára jù, torí ó ń burú sí i ni. Kapásítọ̀ tó ti gbó, inú páwà páàkì tàbí lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú òtútù. Títàn àti pípa tí ẹ ń ṣe léraléra yẹn ló ń mú un gbóná, tó fi wá ń dáhùn. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní dáhùn mọ́. Ẹ ṣí àpótí ní ojúmọmọ, kí ẹ wo àwọn àgbá kékeré yíká purósẹ́sọ̀. Orí wọn gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ẹ bá gbé èékánná ọwọ́ lé e. Èyí tí orí rẹ̀ wú, tàbí tí omi aláwọ̀ ilẹ̀ ti sun láti orí tàbí ìdí rẹ̀, ti tán nìyẹn. Àwọn tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe lè jó o kúrò kí wọ́n fi tuntun sí i: iye µF rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu, iye V rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ 105°C, ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí ti àtijọ́ kọjú sí. Kí oníṣẹ́ béèrè fún irú èyí tí wọ́n ń pè ní low ESR. Ti rédíò lásán kò ní pẹ́ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù. Bí gbogbo orí wọn bá tẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú páwà páàkì ló wà. Ẹ yá òmíràn tó bá a mu, kí ẹ lò ó fún òwúrọ̀ bíi mélòó kan. Bí kọ̀ǹpútà bá ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ti rí i.

Bí ẹ ti ṣí i yẹn, ẹ gbá eruku ọyẹ́ kúrò lára irin abẹ́ fáànù purósẹ́sọ̀. Ẹ di fáànù mú kó má yí nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ.

Tèmi máa ń fi àmì Windows hàn, lẹ́yìn náà ojú á dúdú. Ṣé mọ́dábọ́ọ̀dù ni? Gáà-Àkánbí, Ìlọrin.

Rárá. Ẹ̀rọ tó fi àmì Windows hàn ti fi hàn pé RAM, purósẹ́sọ̀ àti ihò àwòrán ń ṣiṣẹ́. Ẹ má tú ohunkóhun. Ẹ tẹ Windows, Ctrl, Shift àti B pọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ojú á padà. Bí kò bá padà, ẹ tẹ bọ́tìnnì títàn mọ́lẹ̀ kí ó kú nígbà tí àmì náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ẹ ṣe é léraléra ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, Windows yóò sì gbé ojú ewé àtúnṣe wá. Ẹ wọ Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, ẹ tẹ Restart, kí ẹ wá tẹ nọ́ńbà 4, ìyẹn Safe Mode, níbi tí Windows ti ń fi ìwọ̀nba ètò tó pọn dandan ṣiṣẹ́. Bó bá tàn níbẹ̀, díráífà àwòrán, ìyẹn ètò tó ń darí káàdì àwòrán, ni kí ẹ yọ kí ẹ sì tún gbé sórí rẹ̀. Bí ojú bá ti ń fà ìlà tàbí àmì tó-tò-tó kó tó dúdú, ìgbà yẹn ni kí ẹ fura sí káàdì àwòrán.

Ẹ jọ̀wọ́, oníṣẹ́ kan ní mọ́dábọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà mi ti jó, kí n mú owó tuntun wá. Àkọsílẹ̀ ọjà mi láti ọdún yìí wá wà nínú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé òótọ́ ló sọ? Ìyá oníṣòwò, Ìgbájà.

Ẹ kú ọjà o, Mọ̀mọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n mọ́dábọ́ọ̀dù ni ẹ̀yà tó yẹ kí wọ́n dárúkọ kẹ́yìn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá gbogbo ìyókù láre. Ẹ ní kó ṣe nǹkan mẹ́ta níwájú yín. Kó yọ RAM kúrò pátápátá, kó tan ẹ̀rọ. Bó bá fọn tàbí tí iná rẹ̀ ṣẹ́jú pé kò rí RAM, mọ́dábọ́ọ̀dù kò jó. Kó fi páwà páàkì mìíràn tó dára tàn án. Kó fi ibi tó jó hàn yín: ojú dúdú, òórùn ìjóná, tàbí kapásítọ̀ tó wú. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí.

Bí purósẹ́sọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ Intel, abẹ́rẹ́ tínín-tínín tó wà nínú ihò purósẹ́sọ̀ máa ń tẹ̀ bí wọ́n bá yọ ọ́ láìfarabalẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ya fọ́tò inú rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, kí ẹ sì kọ iye RAM àti nọ́ńbà ara háádì dísìkì sílẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, BIOS ló dàrú nínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, ó sì máa ń jọ ẹni tó kú. Àwọn tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní ìrinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú rẹ̀ padà. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó sanwó mọ́dábọ́ọ̀dù.

Bó bá já sí pé mọ́dábọ́ọ̀dù ni lóòótọ́, tó sì jẹ́ HP tàbí Dell, ti nọ́ńbà kan náà ni kí wọ́n wá, torí òmíràn kì í bá àpótí rẹ̀ mu. Ẹ béèrè iye tí odindi àpótí tókùnbọ̀ irú rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú. Bí iye méjèèjì bá súnmọ́ra, odindi ni kí ẹ rà, nítorí páwà páàkì àti purósẹ́sọ̀ á bá a wá.

Àkọsílẹ̀ ọjà yín kò sí lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, inú háádì dísìkì ló wà. Ẹ gba háádì dísìkì náà lónìí, kó máà dúró lọ́dọ̀ oníṣẹ́. Wáyà tó ń so ẹnu SATA ara háádì dísìkì mọ́ USB ni wọ́n máa fi kà á lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Èyí tó tóbi, ti ínṣì 3.5, nílò wáyà tó ní iná 12V tirẹ̀, èyí tó kéré, ti ínṣì 2.5, kò nílò rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà kejì bá béèrè fún kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ìyẹn ètò Windows tó ń ti dísìkì pa kí ẹlòmíì má lè kà á, dígíìtì 48 ni. Bó bá jẹ́ àkántì Microsoft lẹ fi ṣí Windows yín, inú àkántì náà ló sábà máa ń wà: ẹ wọ ibẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ dà á kọ síwèé, kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti tẹ ohun tí yóò pa dísìkì náà rẹ́.